Ilẹ̀ Ni Kí A Kọ́kọ́ Kọ́, Kí A Tó Kan Òrùlé

Bí ènìyàn bá ti gbé inú ìlú Ìbàdàn pẹ́ bí èmi ti gbé e, tí ó sì jẹ́ ẹni tí Ọlọ́run fi mọ́tò àgbà kan ta lọ́rẹ, irú mọ́tò tí í sun ilé olówó rẹ̀ ní ọjọ́ méjì tí í sì sun ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní ọjọ́ márùn-ún, kò sí bí ẹni náà kò ṣe ní mọ ilé mẹkáníìkì bí ẹni mọ ìyẹ̀wù ara rẹ̀. Yóò mọ igi tí ó ṣíji bò ó, yóò mọ bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́ tí a fi búlọ́ọ̀kù gbé ró, yóò sì mọ páànù tí òjò ń gbà wọlé yàtọ̀ sí èyí tí oòrùn ń gbà wọlé. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ ní oṣù tí ó kọjá pé ibi tí mo ti ń tún ọkọ̀ mi ṣe láti bí ọdún 26 sẹ́yìn ni wọ́n fẹ́ wó lulẹ̀, tí wọn yóò sì kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun sí ojú rẹ̀, inú mi dùn, àyà mi sì já, èmi kò sì lè sọ èyí tí ó ju èkejì lọ nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ti rí, nítorí ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òpó igi mẹ́jọ ni, tí a kan páànù lé lórí, tí páànù náà sì ti dógùn-ún títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi bá àwọ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn mu. Apá ọ̀tún ni àwọn tí ń lu pánẹ́ẹ̀lì wà, apá òsì ni rewáyà kó bátìrì rẹ̀ jọ sí, fọkanáísà sì wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó fi ń fẹ́ táyà, ẹ̀rọ tí í pariwo bí ẹni pé òun nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àdúgbò. Ní àárín gbùngbùn ni pítì wà, ihò tí wọ́n fi pákó bò, tí ó ti kún fún omi òjò àti ọ́ìlì láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ mọ́. Orí páálí ni àwọn ọmọọṣẹ́ ń sùn sí lábẹ́ mọ́tò, pẹ̀lú ríìmù àti kùkùté igi tí wọ́n fi gbé irin ró, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí mo bá rí ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ méjì tí ó yọ síta lábẹ́ ọkọ̀, àdúrà ni í kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu kí n tó kí ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kan tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, ọmọ kan tí kò tíì pé ogún ọdún já nọ́ọ̀tù kékeré kan bọ́ lọ́wọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí ojú lè wá nǹkan lórí rẹ̀. Dúdú ni, ó rọ̀ mùkẹ̀mukẹ, ó sì ń dán bí awọ ejò. Ọmọ náà kò bú ara rẹ̀, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó lọ sí ìdí igi, ó mú mágínẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n yọ lára sípíkà rédíò àtijọ́, ó so okùn mọ́ ọn, ó sì ń fà á kiri lórí ilẹ̀ bí ẹni ń da ewúrẹ́. Kí ó tó rí nọ́ọ̀tù tirẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì ti kó mẹ́rìnlá mìíràn wá, nọ́ọ̀tù, bọ́ọ̀tù, wáṣà, àti pílọ́ọ̀gì kan tí ọ̀gá fi àtàǹpàkò nù, tí ó wò, tí ó sì ní ti Peugeot 504 ni. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ronú pẹ̀lú. Peugeot tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́ lọ́nà Badagry ní ọdún kan náà, èyí tí àwọn ènìyàn wa pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣe rìbìtì, àti dánfó, àti mólùẹ̀, àti gbogbo tòkunbọ̀ tí ó tẹ̀lé wọn wọ̀lú, kò sí èyí tí kò tíì ṣẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Àwọn kan rò pé iṣẹ́ abẹ́ igi ni àtúnṣe ọkọ̀ láàrin wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Kí mọ́tò tó dé ni rélùwéè ti dé. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin rẹ̀ láti Ìddó, ó sì dé Ìbàdàn ní ìparí 1900, bí ó sì ti jẹ́ pé ohun tí a bá ń lò ni í bàjẹ́, wọ́n kọ́ ilé àtúnṣe ńlá sí Èbúté Mẹ́ta, níbi tí àwọn baba wa ti rí alágbẹ̀dẹ, káfíńtà, fítà àti tọ́nà pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan, tí fèrè kan ṣoṣo ń pè wọ́n wọlé tí ó sì ń tú wọn ká. Nínú iṣẹ́ rélùwéè yìí ni Michael Imoudu ti kọ́ iṣẹ́ tọ́nà ní ìparí àwọn ọdún 1920, ẹni tí ó wá di ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945 tí ó mi Nàìjíríà tìtì. Ní ti mọ́tò fúnra rẹ̀, W. A. Dawodu ti ń tà á, ó sì ti ń tún un ṣe ní Èkó, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò tíì fojú kan ọkọ̀ tí kò sí ẹṣin níwájú rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fà yọ nínú ìtàn yìí. Ilé àtúnṣe rélùwéè, láti ìsàlẹ̀ ni irú rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ sókè. Irin wọ inú ilé, ihò sì wà láàrin irin méjèèjì, kí ènìyàn lè dúró ṣánṣán, kí ó gbójú sókè, kí ó sì rí ikùn ẹ́ńjìnì gẹ́gẹ́ bí babaláwo ti ń wo ojú ọpọ́n. Àwọn òyìnbó tí ó kọ́ ọ kò fi òṣìṣẹ́ wa ṣe ọ̀rẹ́ jù, ìyanṣẹ́lódì tí mo dárúkọ lókè ń jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó dùbúlẹ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ ń bọ́ sí lójú kò lè tún ohunkóhun ṣe kó dára. Lẹ́yìn wọn ni àwa wá kọ́ òrùlé láìkọ́ ilẹ̀.

Èyí ni ó mú mi dé orí púláànù. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi, tí ó mọ̀ pé mo ti ṣe tíṣà rí, tí ó sì gbà pé tíṣà ni í mọ gbogbo ohun tí a bá ti kọ sínú ìwé, ká ìwé náà sílẹ̀ lórí ìdérí ẹ́ńjìnì mọ́tò mi, ó fi sípánà mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ bá wa wò ó. Àwọn onílẹ̀ ní ó dára.”

Ó dára lóòótọ́, bí ó bá jẹ́ pé ilé aṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà tí ó ní gíláàsì ni ó dojú kọ títì, ọ́fíìsì wà lókè, síìlì funfun bo gbogbo abẹ́ òrùlé, táìsì sì tẹ́ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti fi gbọ̀ngán kan sílẹ̀ fún àwọn mẹkáníìkì. Mo wá pítì títí, n kò rí i. Mo wá gọ́tà, n kò rí i. Fọkanáísà kò sí nínú ìwé náà rárá, bí ẹni pé táyà kì í jò ní ayé tuntun.

Mo ní, “Ọ̀gá, níbo ni ọ́ìlì yóò gbà jáde?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ohun tí èmi náà ń wá nìyẹn.”

“Táìsì yìí ńkọ́? Ṣé ó lè gba jáàkì?”

“Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Bàbá. Ọjọ́ kìíní ni yóò fọ́.”

Mo bi í léèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn jókòó ti ẹni tí ó ya àwòrán náà. Ó ní wọ́n kàn rí i tí ó wá fi tépù wọn ilẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí ibẹ̀ dá páropáro ni. Ẹ gbọ́ ná: ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sí níbi iṣẹ́ ni wọ́n wá wọn ibi iṣẹ́!

Èmi kì í ṣe ọ̀tá ilé tuntun o. Ẹni tí ó bá ní kí ibi tí mo júwe lókè yìí wà bẹ́ẹ̀ títí ayé, mo rò pé kì í ṣe ọmọ tirẹ̀ ni ó ń sùn sórí páálí lábẹ́ mọ́tò. Ṣùgbọ́n èrò ọkàn mi ni pé òrùlé kọ́ ni ó gbó jù ní ilé àtijọ́ yìí, ilẹ̀ ni. Bí a bá sì kọ́ ilé tuntun tí a kò kọ́ ilẹ̀ tuntun sábẹ́ rẹ̀, aṣọ funfun ni a wọ̀ fún ẹni tí kò tíì wẹ̀.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Mọ́tò kéékèèké a máa gba bíi lítà 4 ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnì. Ká ní mọ́tò mẹ́wàá péré ni ó ń wá pààrọ̀ ọ́ìlì ní ọ̀sẹ̀ kan, lítà 40 ni ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tí ó ń jáde. Ní ọdún kan, ó lé ní lítà 2,000. Àwọn káfíńtà a máa wá rà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń kun igi òrùlé nítorí ikán, àwọn tí ń ṣe búlọ́ọ̀kù a máa fi pa ara mọ́ọ̀dù wọn kí búlọ́ọ̀kù má baà lẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé èyí tí ilẹ̀ ń mu kò kéré. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ́ìlì nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Eérú irin tí ẹ́ńjìnì rẹ́ dànù lára rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ásíìdì bátìrì àti òjé inú rẹ̀ sì ń sún mọ́ ọn láti ọ̀dọ̀ rewáyà. Ìlú tí kànga pọ̀ lẹ́yìnkùlé ni Ìbàdàn. Omi tí a fi ń fọ abọ́, tí a fi ń wẹ̀, tí ẹlòmíràn ń sè mu nínú wa, inú ilẹ̀ kan náà yìí ni a ti ń fà á. Ilé kejì sí ibi iṣẹ́ yìí, ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí ó fi kànga rẹ̀ hàn mí. Bí oòrùn bá là sí ojú omi náà ní ọ̀sán, àwọ̀ òṣùmàrè ni ẹ ó rí tí ó ń yí lórí rẹ̀. Ìyá náà kò mu ún mọ́, ó ní aṣọ nìkan ni òun fi ń fọ̀.

Èyí tí ilẹ̀ kò bá rí mu, òjò ni yóò gbé e lọ sí ojú àgbàrá, àgbàrá yóò gbé e lọ sí odò. Àwa ará Ìbàdàn kò sì nílò kí a máa kọ́ wa ní ohun tí odò lè ṣe, àwa tí Ògùnpa ya wọ ilé wa ní ọjọ́ 31 oṣù August 1980, tí omi sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ padà ní ọjọ́ 26 oṣù August 2011, tí ó gbé ilé, tí ó gbé ọkọ̀, tí ó sì gbé ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Wọn kò sọ ohun tí ẹni tí ó da ọ́ìlì síwájú yóò tẹ̀, nítorí kò sí mẹkáníìkì ní ayé wọn.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ yìí fún, ṣọ́bìrì ni n ó kọ́kọ́ mú kí n tó mú òòlù. N ó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ dúdú yẹn títí tí wọn yóò fi rí ilẹ̀ pupa, kí wọ́n má sì tà á fún ẹni tí ń wá ilẹ̀ tí yóò fi dí kòtò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, nítorí ìyẹn yóò kàn ṣí àìsàn láti ilé kan lọ sí òmíràn ni. Lẹ́yìn èyí ni òkúta, lẹ́yìn òkúta ni kọnkéré tí ó nípọn tó ínṣì 6 tí irin sì wà nínú rẹ̀, kí ó lè gba jáàkì, kí ó lè gba tírélà pàápàá bí ó bá ṣèèṣì yà wá. Kí kọnkéré náà dà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí gọ́tà wà ní ẹ̀gbẹ́ náà, kí gọ́tà sì wọ inú ihò mẹ́ta tí a fi sìmẹ́ńtì mọ, tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ìyá. Nínú ihò èkíní ni iyẹ̀pẹ̀ yóò ti rì sílẹ̀. Nínú èkejì ni ọ́ìlì yóò ti léfòó. Páìpù tí ó so èkejì mọ́ ẹ̀kẹta kì í sì í ti òkè mu omi, ìsàlẹ̀ ni ó ti ń mu ún, nítorí náà omi nìkan ni yóò ráyè kọjá, ọ́ìlì yóò sì wà lókè níbẹ̀ tí yóò máa retí ẹni tí yóò fi agolo bù ú sínú dúrọ́ọ̀mù. Kò lo iná mànàmáná, kò sì ní ẹ̀rọ kankan nínú. Ìyá wa èyíkéyìí tí ó bá ti fọ epo ní ẹkù rí mọ ọgbọ́n náà ju ẹni tí ó ya púláànù lọ, pé epo kì í bá omi rì.

Pítì pẹ̀lú gbọ́dọ̀ padà wá. Kí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 5, kí àtẹ̀gùn wà ní ìkángun rẹ̀ méjèèjì, kí ẹni tí ewu bá dé bá ní òkè ọ̀tún lè gba òsì jáde. Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn tí ń jáde lára pẹtiróòlù wúwo ju atẹ́gùn tí à ń mí lọ, ilẹ̀ ni í máa ń fà sí, inú pítì ni yóò sì lọ kó jọ sí tí ojú kò ní rí i, títí tí wẹ́dà kan yóò fi tan iná rẹ̀ nítòsí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yí padà díẹ̀ báyìí. Láti ọjọ́ 29 oṣù May 2023 tí ìjọba ti kéde pé ìrànwọ́ orí epo dópin, tí owó epo sì fò sókè bí ẹyẹ tí a ta lófà tí kò bà, ọ̀pọ̀ onímọ́tò ni ó ti ń yí ọkọ̀ wọn padà sí gáàsì CNG, ìwà gáàsì yìí sì yàtọ̀ pátápátá. Ó fúyẹ́ ju atẹ́gùn lọ, òkè ni í lọ. Bí ó bá jò nínú ilé tí a fi síìlì funfun bo abẹ́ òrùlé rẹ̀, abẹ́ síìlì yẹn ni yóò ti máa pàdé ara rẹ̀. Ilé tí ọ̀kan ń wá ilẹ̀ lọ nínú rẹ̀, tí èkejì ń wá òkè lọ, ẹ jẹ́ kí ó ṣí sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kí ó sì ṣí sílẹ̀ ní góńgó òrùlé. Bẹ́ẹ̀ ni ilé páànù àtijọ́ ti ṣe láìmọ̀. Ihò tí òjò ń gbà wọlé, gáàsì ń gbà á jáde. Kí òrùlé náà sì ga dáadáa, ẹsẹ̀ bàtà 14 ó kéré tán, nítorí ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò ra ẹ̀rọ tí ń gbé mọ́tò sókè, mọ́tò tí a gbé sókè kò sì gbọ́dọ̀ fi orí gbá ajà bí ẹni tí ó fò sókè nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Yàrá kan wà tí ó yẹ kí ó ní ilẹ̀kùn, kí ó ní àgádágodo, kí òjò má sì dé ibẹ̀. Láti 1996 ni wọ́n ti pàṣẹ ní Amẹ́ríkà pé kí ọkọ̀ kéékèèké tuntun kọ̀ọ̀kan ní ojú kan lábẹ́ síárìn tí a lè ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè sọ ibi tí ń dùn ún, ọ̀pọ̀ nínú tòkunbọ̀ tí ó wà lójú títì wa sì ni ó ní in. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lò. Wọ́n ń pè é ní síkáànì. Ọ̀gá wọn kò lò ó. Ohun tí òun ń lò ni súkúrúdíráfà gígùn kan, tí yóò fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnì tí ń ṣiṣẹ́, tí yóò fi orí rẹ̀ tí a fi igi ṣe kan egungun etí ara rẹ̀, tí yóò di ojú, tí yóò sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ fún ọ pé béárínì ni, kì í ṣe bẹ́líìtì. Mo ti rí i tí síkáànì wí ohun kan, tí súkúrúdíráfà wí òmíràn, mo sì ti rí i tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jàre. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ilé tí a ó kọ́ gbọ́dọ̀ ní àyè fún àwọn méjèèjì, kí ọ̀gá má baà di àlejò nínú ilé iṣẹ́ tirẹ̀ nítorí pé kò mọ bọ́tìnnì tẹ̀.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná. Ní ìdí igi tí ọmọ yẹn ti mú mágínẹ́ẹ̀tì, irin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í mú: ṣáàfù mólùẹ̀ ayé àtijọ́, orí owú alágbẹ̀dẹ, àti ìdajì jíà kan, tí a fi màrìwò wé. Ojúbọ Ògún ni, Ògún Lákáayé, aládé irin, tí ó ń ṣọ́ ẹni tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ àti ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni gbogbo wọn ń pé jọ síbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀sun iṣu, àádùn, ẹmu àti ajá; kí ẹ sì tó sọ pé abọ̀rìṣà ni gbogbo wọn, ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé Lèmọ́mù àdúgbò ni í kọ́kọ́ ṣe àdúrà ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wòlíì ìjọ kan a sì tẹ̀ lé e, kí Ògún tó gba tirẹ̀. Ọmọ ìjọ ni èmi náà, n kì í jẹ ajá, ṣùgbọ́n mo máa ń dúró jẹ àádùn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà. Ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó jí páàtì yóò fi ahọ́n kan irin, tàbí kí ó jẹ́wọ́ kí ó tó kàn án, a sì mọ̀ pé àwọn ẹlẹ́sìn Ògún ń fi irin búra ní kóòtù ìjọba pàápàá. Ohun tí púláànù tuntun fi sí ojú ibẹ̀ gan-an ni ilé ìyàgbẹ́.

N kò sọ pé ẹni tí ó yà á mọ̀ọ́mọ̀. Mo sọ pé kò béèrè. Ó wá ní ọjọ́ Àìkú, ó rí irin tí ó dógùn-ún láàrin irin tí ó dógùn-ún.

Ọ̀ràn owó ilé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí gbogbo wa ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹbí tí ó ni ilẹ̀ fẹ́ jèrè ilẹ̀ wọn, wọn kò jẹ̀bi. Ilẹ̀ ojú títì kì í ṣe ilẹ̀ ẹ̀yìn odi. Ṣùgbọ́n a ti rí ọjà lóríṣiríṣi ní ilẹ̀ wa tí wọ́n ní kí àwọn tí ó wà níbẹ̀ jáde fún ìgbà díẹ̀ kí a lè tún un kọ́, tí àwọn tí ó jáde sì padà wá bá kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò rí rí. Kí wọ́n tó yọ páànù kan, kí ìwé wà, kí orúkọ fọkanáísà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ti ọ̀gá, kí iye tí oníkálùkù yóò máa san wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ́ ìdajì ní àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ máa lọ ní ìdajì kejì, nítorí ọmọ kan wà níbẹ̀ tí oṣù mẹ́fà péré ni ó kù kí ó ṣe frídọ̀mù, ìyá rẹ̀ sì ti dá àjọ fún aṣọ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá tú ká fún ọdún kan, ta ni yóò kọ́ ọmọ náà ní èyí tí ó kù? Ní ti owó kíkọ́, àwọn mẹkáníìkì kì í ṣe alágbe. Àwọn tí ń dá èésú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìsí ìwé báǹkì ni wọ́n, bí onílẹ̀ bá sì gbà pé kí owó tí wọ́n bá fi sí kọnkéré dínkù nínú owó ilé wọn, mo mọ̀ pé wọn yóò dá a.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí a kó gbogbo wọn lọ sí ẹ̀yìn ìlú, sí ohun tí wọ́n ń pè ní mẹkáníìkì víléèjì, kí ìlú lè mọ́. Èmi kò lòdì sí i fún àwọn tí ń lu pánẹ́ẹ̀lì àti àwọn tí ń kun ọkọ̀, tí ariwo àti ọ̀dà wọn ń da àdúgbò láàmú. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí kò lè rìn kò lè rìn lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí a kó wọn lọ láìkọ́ ilẹ̀ rẹ̀ yóò dúdú bí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀, àwọn tí kànga wọn wà níbẹ̀ náà sì jẹ́ ènìyàn.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀ ni ẹbí onílẹ̀ àti àwọn mẹkáníìkì yóò jọ jókòó. Wọ́n ní kí n wá, n ó sì lọ. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹbí náà kò ju pé kí wọ́n mú ẹni tí ó ya púláànù lọ́wọ́ dání, kí ó wọ aṣọ iṣẹ́ fún wákàtí kan, kí ó dùbúlẹ̀ sórí páálí yẹn lábẹ́ mọ́tò tèmi, èyí tí yóò wà níbẹ̀ dájúdájú, kí ó gbójú sókè, kí ó sì sọ fún wa ibi tí yóò fi pítì sí. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, bí ẹ bá gbé ọkọ̀ yín lọ pààrọ̀ ọ́ìlì ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ tó san owó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi ọ̀gá yín léèrè ibi tí yóò da ti àtijọ́ sí.